Àlọ́ Ni Tàbí Ìtàn? Ọ̀rọ̀ Lórí Sinimá Tí A Ń Fi Orúkọ Òkú Ṣe

A ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nínú ìjọ wa kékeré ní Àkànrán, a wàásù lórí Káínì àti Ábélì, a sì sọ fún ìjọ pé ìlara kò dẹ́kun láti máa pa ènìyàn láti ọjọ́ náà wá. Kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ akọrin létí, a mú àpẹẹrẹ wá láti ilẹ̀ Òyìnbó. A ní, olórin ńlá kan wà tí ń jẹ́ Mozart, ẹni tí Ọlọ́run fi ẹ̀bùn orin jíǹkí láti kékeré. Olórin mìíràn sì wà tí ń jẹ́ Salieri, tí ó jẹ́ àgbà olórin ní ààfin. Salieri ṣe ìlara Mozart, ó sì lépa rẹ̀ títí ó fi pa á. Ìjọ mi orí, àwọn ìyá pòṣé, àwa náà sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú pé iṣẹ́ ti yọrí.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé wá bá wa ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, nínú ìwé wo ni ẹ ti ka ọ̀rọ̀ Salieri yẹn?" A dá a lóhùn pé a kò kà á nínú ìwé; a fi ojú ara wa rí i nínú sinimá, ní ilé ọmọ wa ní Ìbàdàn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Eré ni ẹ rí o. Salieri kò pa Mozart."

Ojú tì wá gidigidi. Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní òfin kẹsàn-án, èyí tí ó kọ ẹ̀rí èké fún wa. Ní ọjọ́ náà, láti orí àga ìwàásù gan-an, a ti jẹ́rìí èké sí ọkùnrin kan tí kò lè dìde láti ibojì rẹ̀ láti dá wa lóhùn. Nítorí náà a fi ọ̀sẹ̀ náà wá òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà kiri, a sì rò pé ó yẹ kí a pín in pẹ̀lú gbogbo ilé tí ń ka ìwé-ìròyìn yìí, nítorí kò sí ilé tí sinimá kò wọ̀ mọ́ ní ayé ìsinsìnyí. Ó wà nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ó sì wà nínú fóònù tí àwọn ọmọ wa ń mú lọ sí oko.

Sinimá tí a wò náà ń jẹ́ Amadeus. Ní 1979 ni Peter Shaffer, òǹkọ̀wé eré ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí eré orí ìtàgé. Ní 1984 Milos Forman sọ ọ́ di sinimá, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar 8. Kò yà wá lẹ́nu pé ó gbà wọ́n, nítorí eré náà dára púpọ̀, orin inú rẹ̀ sì ń fa ọkàn ènìyàn. Nínú rẹ̀ ni a ti rí Salieri ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, tí ó ń jẹ́wọ́ fún àlùfáà pé òun ni òun pa Mozart. A rí i bí ó ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú nígbà èwe rẹ̀ pé òun yóò yàgò fún obìnrin, bí Ọlọ́run bá lè fún òun ní ẹ̀bùn orin. A rí i bí ó ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀tá Ọlọ́run nígbà tí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn ni a fi ẹ̀bùn náà fún. Níkẹyìn a rí i tí ó fi ìbòjú bojú, tí ó lọ bẹ Mozart pé kí ó kọ orin ìsìn òkú, kí iṣẹ́ náà lè pa á.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àkọsílẹ̀ wí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní 1756 ni a bí Mozart ní ìlú Salzburg. Ó kú ní Vienna ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 1791, ní ẹni ọdún 35. Ibà líle tí ń mú kí ara sú ni ìwé àkọsílẹ̀ òkú pe àìsàn rẹ̀. Salieri, tí a bí ní Ítálì ní 1750, kò yàgò fún obìnrin: ó gbéyàwó, ó sì bí ọmọ 8. Kì í ṣe òun ni ó bẹ Mozart ní orin ìsìn òkú. Ìjòyè kan tí ń jẹ́ Walsegg ni, ẹni tí aya rẹ̀ kú, tí ó sì ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé òun fúnra òun ni òun kọ orin náà. Ìdí nìyí tí ó fi rán ènìyàn sí Mozart ní ìkọ̀kọ̀.

Èyí tí ó wọ̀ wá lára jù ni pé Mozart fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí Salieri. Ní oṣù kẹwàá 1791, nígbà tí ikú rẹ̀ kò ju oṣù 2 lọ mọ́, ó kọ̀wé sí aya rẹ̀ pé Salieri wá wo eré olórin tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó sì yìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1785 àwọn méjèèjì ti pa ọwọ́ pọ̀ láti kọ orin kan fún obìnrin akọrin kan tí ara rẹ̀ yá lẹ́yìn àìsàn. Ìwé orin náà sọnù fún ọdún tí ó ju 200 lọ, kí a tó rí i ní ìlú Prague, tí a sì kéde rẹ̀ ní 2016. Lẹ́yìn ikú Mozart, ọ̀dọ̀ Salieri ni ọmọ rẹ̀ ti kọ́ orin. Beethoven, Schubert àti Liszt pẹ̀lú jẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣé báyìí ni apànìyàn ti ń rí?

A kò wí pé kò sí aáwọ̀ láàrin wọn. Mozart àti baba rẹ̀ kọ ìwé púpọ̀ tí wọ́n fi ń ráhùn pé Salieri àti àwọn ará Ítálì ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dí ọ̀nà mọ́ wọn ní ààfin. Ohun tí ó ṣòro ni kí onílù méjì wà ní ààfin kan kí wọ́n má kùn sí ara wọn. Ṣùgbọ́n kíkùn jẹ́ ọ̀kan, pípa ènìyàn jẹ́ òmíràn.

Báwo wá ni irọ́ náà ṣe rìn tó bẹ́ẹ̀? Ní 1823, nígbà tí Salieri ti di arúgbó, tí ó ń ṣàìsàn ní ilé ìwòsàn, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Olórin kan tí ń jẹ́ Moscheles lọ bẹ̀ ẹ́ wò, arúgbó náà sì sọ fún un pé kò sí òtítọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kú ní 1825. Ní 1830 Pushkin, akéwì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kọ eré kúkúrú kan nínú èyí tí Salieri bu májèlé sí ọtí Mozart. Ní 1897 Rimsky-Korsakov fi orin sí eré Pushkin. Ní 1979 Shaffer gbé tirẹ̀ dé. Ní 1984 ó di sinimá. Lẹ́yìn náà, ó dé orí àga ìwàásù ní Àkànrán. Àwọn àgbà wa wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ yìí ti lọ fún ọdún tí ó súnmọ́ 200, òtítọ́ ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, a dìde níwájú ìjọ, a sì sọ pé ohun tí a wí nípa Salieri kì í ṣe òtítọ́, a sì tọrọ àforíjì. A rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan dúró dè wá lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ tún ọ̀rọ̀ yín ṣe. Ṣùgbọ́n ará òkè òkun ni ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹfúnṣetán tiwa ńkọ́? Ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún òun?"

Kò sí ẹni tí ó gbé inú oko Ìbàdàn tí kò mọ orúkọ náà. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ni àwọn ọmọdé fi ń ṣe eré ní ilé-ìwé. Bí obìnrin kan bá ṣe òǹrorò sí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ẹfúnṣetán ni a ń pè é. Níbo ni a ti kọ́ èyí? Púpọ̀ nínú wa kọ́ ọ láti inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọ̀mọ̀wé ọmọ Ìbàdàn tí a bí ní 1939, tí ó kàwé ní ilé-ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Lábọ̀dé, tí ó sì kú ní 2018. A tẹ ìwé eré náà jáde ní 1970. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e kiri orí ìtàgé, a sì ṣe é ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ní 1981. Ní ọdún kan náà ni Bánkọ́lé Bello sọ ọ́ di sinimá.

Nínú eré náà, Ẹfúnṣetán pàṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù, ẹrúbìnrin rẹ̀, lóyún fún Ìtáwuyì, ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹfúnṣetán sì mú kí a bẹ́ Adétutù lórí. Ọkàn ìlú bàjẹ́. Látóòsà, olórí Ìbàdàn, kó ogun jọ, ó ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Ẹfúnṣetán, nígbà tí ìtìjú pọ̀ jù fún un, gbé májèlé jẹ, ó sì kú. A ti rí àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó ṣubú. Àwa pẹ̀lú ti pàtẹ́wọ́ rí.

Ẹ wá wo ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí ó parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921 nítorí pé ìwé àkọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi rán sí, tí arákùnrin rẹ̀ Obadiah sì ní láti tún un kọ. Johnson kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí: olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ ni ó jẹ́ ní Ìbàdàn ní àkókò náà, ó sì di kátíkíìsì lẹ́yìn náà. Ó sọ pé Ẹfúnṣetán jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, olówò ńlá, tí ó ní ẹrú bíi 2,000 nínú oko rẹ̀ nìkan, láìka ti ilé, tí ó sì ní balógun àti ọmọ-ogun tirẹ̀. Ó sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860, àti pé láti ìgbà náà ni ó ti di ìkà sí àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó bá lóyún. Nítorí náà ìkà tí eré náà fi hàn kì í ṣe irọ́ lásán. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí gbangba, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé a fẹ́ fi ẹfun kun obìnrin náà.

Ṣùgbọ́n ní ti ikú rẹ̀, ọ̀nà pín. Johnson sọ pé ní oṣù karùn-ún 1874 ni Ààrẹ Látóòsà yọ ọ́ lóyè Ìyálóde. Ẹ̀sùn tí ó fi kàn án kì í ṣe ti ẹrú tí a bẹ́ lórí rárá. Ẹ̀sùn náà ni pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun ní ojú ogun, àti pé kò jáde wá pàdé òun nígbà tí òun padà dé. Ìyálóde bẹ̀bẹ̀, ó sì san owó ìtanràn, ṣùgbọ́n Ààrẹ kò gbà. Wọ́n yí Kúmúyìlọ́, ọmọ tí ó gbà tọ́, lọ́kàn padà. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 1874, ẹrú rẹ̀ méjì bọ́ sílẹ̀ láti orí àjà sínú yàrá tí ó sùn sí, wọ́n sì fọ́ ọ lórí. Àwọn ìbátan rẹ̀ béèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A pa àwọn ẹrú náà ní gbangba, ṣùgbọ́n Látóòsà jókòó sórí oyè rẹ̀ títí di 1885.

Ẹ dákún, ẹ fi èyí wé eré náà. Kì í ṣe aṣọ tàbí ọjọ́ ni a yí padà níbí. Ẹni tí a pa lójú oorun di ẹni tí ó pa ara rẹ̀. Ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ náà kàn di olùdáǹdè. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí ní ilẹ̀ wa láti wí pé ènìyàn kan gbé májèlé jẹ: àwọn ará ilé rẹ̀ kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ lọ́rùn, ẹ̀ṣẹ̀ náà sì pọ̀. Ṣé ó tún yẹ kí a gbé ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá lé e?

Bẹ́ẹ̀ ni a kò wí pé Johnson jẹ́ áńgẹ́lì. Ọ̀yọ́ ni ìran rẹ̀, iṣẹ́ ìjọ ni ó ń ṣe, ó sì gbọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ẹnu àwọn ìjòyè ọkùnrin. Àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn pé Bọ́lánlé Awẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn ní Ìbàdàn, tún ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán wò nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1992 lórí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa nínú ìtàn. Ó jẹ́ kí a rí olówò àti olóṣèlú obìnrin tí ó dá Ààrẹ lóhùn, kì í ṣe òǹrorò nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òtítọ́ fún wa: nínú ènìyàn 100 tí ó ti wo eré náà, mélòó ni ó ti rí ìwé yẹn rí?

Ó yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ àwọn aṣeré náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó fẹ́ kó ọdún 30 sínú wákàtí 2 kò lè ṣàìgé nǹkan kúrò. Kò sí ẹni tí ó wà lábẹ́ ibùsùn Mozart láti kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá aya rẹ̀ sọ sílẹ̀. Ẹni tí yóò bá ṣe eré gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Àwa oníwàásù pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ọmọ onínàákúnàá, a máa ń fi ẹkún baba rẹ̀ kún un, àti àwọ̀ ẹgbọrọ màlúù tí a pa, ẹnikẹ́ni kò sì bá wa wí. Ìṣọ̀lá pẹ̀lú kò kọ eré rẹ̀ kí a lè fi dá ẹjọ́ ní kóòtù. Ó fẹ́ kí a kórìíra ìnilára, a sì kórìíra rẹ̀. Èyí jẹ́ iṣẹ́ rere. Ìbéèrè wa kò ju ọ̀kan lọ: ṣé a sọ fún olùwòran ibi tí òtítọ́ parí sí?

Ẹnìkan wà tí ó sọ ọ́. Ní 1975 Wọlé Ṣóyínká tẹ eré rẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ Olókùn-Ẹṣin Ọ̀yọ́, ẹni tí ó yẹ kí ó bá Aláàfin kú, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá a dúró, tí ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Ìṣọ̀lá kan náà ni ó yí eré náà sí èdè wa, tí ó pè é ní Ikú Olókùn-Ẹṣin. Bíyìí Bándélé sì sọ ọ́ di sinimá tí a kọ́kọ́ fi hàn ní 2022, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ní iwájú ìwé rẹ̀, Ṣóyínká sọ fún òǹkàwé ní gbangba pé òun yí àwọn nǹkan kan padà, ìbáà ṣe ní ti ètò tàbí ní ti ìwà àwọn ènìyàn inú rẹ̀, àti pé òun ti ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè bọ́ sí àkókò ogun. Èyí ni a ń pè ní ìwà ọmọlúwàbí. Ohun kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó pa wá lẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ pé 1946 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá 1944 ni Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà, ní oṣù kìn-ín-ní 1945 sì ni ọ̀rọ̀ Olókùn-Ẹṣin ṣẹlẹ̀, nígbà tí ogun Jámánì kò ì tíì parí. Ó rò pé òun ń ti ìtàn kúrò ní àyè rẹ̀, ó sì ń dá a padà sí àyè rẹ̀ gan-an! Bí ọ̀mọ̀wé tí ó sọ òtítọ́ pàápàá lè ṣi ọdún kà, kí ni kí a retí lọ́wọ́ ẹni tí kò bìkítà?

Àwọn kan yóò wí pé ìbàjẹ́ nìkan ni ó burú, pé bí a bá fi irọ́ yin òkú, kò sí ìpalára. Àwa kò gbà. Ní 2022 a gbé sinimá kan tí ń jẹ́ Chevalier jáde, lórí Joseph Bologne, olórin tí a bí ní 1745 ní erékùṣù Guadeloupe. Ẹrúbìnrin aláwọ̀ dúdú ni ìyá rẹ̀. Òyìnbó olóko ni baba rẹ̀. Sinimá náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdíje fáyólìn ní Paris, níbi tí Bologne ti fi ìdí Mozart janlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. A mọ̀ pé inú ọmọ Áfíríkà yóò dùn láti rí i. Ṣùgbọ́n kò ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ ọkùnrin náà tó ó yìn: ẹgbẹ́ olórin tí ó darí ní Paris ni ó kọ́kọ́ fi orin 6 tí Haydn kọ fún wọn han ayé, ní 1776, nígbà tí a fẹ́ fi í ṣe olórí ilé eré olórin ti Paris, àwọn obìnrin akọrin kan kọ̀wé sí ayaba pé àwọn kò lè gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dúdú wà lára rẹ̀, ní 1792 ó di olórí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nísinsìnyí, ọmọ tí ó bá gbọ́ pé irọ́ ni ìdíje náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ìyókù pẹ̀lú. Báyìí ni ìyìn èké ṣe ń jí ìyìn òtítọ́.

Àwọn baba wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí sinimá tó dé. Wọ́n ya àlọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí òṣùpá sì yọ, ẹni tí yóò pàlọ́ a kọ́kọ́ ké pé, "Ààlọ́ o!" àwọn ọmọ a sì dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni kò lè wí pé a tan òun jẹ. Ìjàpá lè jalè, ó lè pa àna rẹ̀, ó lè fò lọ sí ọ̀run. Kò sí ìdílé kan ní ìlú tí yóò sùn pẹ̀lú ìtìjú, nítorí Ìjàpá kò ní ọmọ-ọmọ láàrin wa. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá fẹ́ pìtàn, kì í ké ààlọ́. A wí pé, "Báyìí ni baba mi sọ fún mi, báyìí ni baba rẹ̀ sì sọ fún un." Ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti baba rẹ̀ dúró fún ọ̀rọ̀ náà. Olúwa wa pẹ̀lú, nígbà tí ó pa òwe ará Samáríà àti ti ọmọ onínàákúnàá, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọkùnrin kan ni, ó tó.

Àìsàn sinimá ni pé ó ń pàlọ́ láìké ààlọ́. Ó gbé orúkọ ẹni tí ó ti gbé ayé rí, ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ ìgbà rẹ̀, ó gbé e sínú ilé tí ó dàbí ilé rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀ṣẹ̀ Ìjàpá sí i lọ́rùn. Shaffer fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé Mozart ni òun kọ. Ṣùgbọ́n níbo ni ó ti sọ ọ́ tí ẹni tí ó jókòó nínú ilé ní Ìbàdàn yóò fi gbọ́?

Ẹ rò ó pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo òkú ni ó ní ẹlẹ́rìí. Nígbà tí Túndé Kèlání ṣe sinimá Àyìnlá ní 2021, lórí Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ará Abẹ́òkúta tí a pa ní 1980, àwọn tí ó ti jó sí orin ọkùnrin náà ṣì wà láàyè, tí wọ́n lè wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," tàbí, "Bẹ́ẹ̀ kọ́." Ta ni ó kù tí yóò wí bẹ́ẹ̀ fún Ẹfúnṣetán? Ìwé nìkan ni, àti ẹ̀rí-ọkàn àwa tí ń wo eré náà.

Nítorí náà, a ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Èkíní ni sí àwọn tí ń ṣe eré àti sinimá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ké ààlọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sí iwájú sinimá, ní èdè tí ìyá àgbà lè gbọ́, kì í ṣe ní ìparí nígbà tí a ti ń dìde lọ: èyí ni a rí nínú ìwé, èyí ni àwa fi kún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan sí ènìyàn lọ́rùn, ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí àkọsílẹ̀ pé ó dá, ẹ fún un ní orúkọ mìíràn. Eré rere kò ní kú nítorí orúkọ.

Èkejì ni sí àwa òbí. Ẹ má ṣe lé àwọn ọmọ kúrò nídìí sinimá. Wọn yóò lọ wò ó ní ilé ẹlòmíràn. Ẹ bá wọn wò ó, bí ó bá sì parí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí olùkọ́ kékeré náà bi wá: "Nínú ìwé wo ni a ti kà á?" Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú wa, ẹ bi àwọn àgbà tí ó kù léèrè, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́.

Ní ilé tiwa, a tún wo sinimá Ẹfúnṣetán lẹ́yìn èyí, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wa. Nígbà tí ó gbé májèlé jẹ, èyí tí ó kéré jù nínú wọn gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, ó ní, "Dúró ná. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kú." Inú ilé dákẹ́. Ọmọ kékeré náà wá béèrè pé, "Ta ni ó wá pa á?" A pa ẹ̀rọ, a fa àga súnmọ́ wọn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn. A kò ké ààlọ́.